Ẹ̀gún Ẹsẹ̀ Fátóún àti Ọjà Kẹrin

Fátóún jẹ́ opó ní ìlú Ìgbódùlà, iṣẹ́ epo fífún ni ó ń ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti se eyìn jinná tí wọ́n dà á sínú kòtò, Fátóún ni yóò ká aṣọ sókè, tí yóò wọ inú rẹ̀, tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi yà kúrò lára èkùrọ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé èkùrọ́ tí Fátóún bá tẹ̀, eṣinṣin kì í bà lé e, torí kò ní rí nǹkan kan lá níbẹ̀. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ni wọ́n jọ ń gbé. Ẹsẹ̀ méjì yẹn ni àwọn méjèèjì ń jẹ.

Nínú agbo ilé kan náà ni Láyọnu ń gbé. Ọmọ bíbí ilé ni, nítorí náà ìyàwó ilé kankan kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ẹnudùnjuyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà sì bá a mu. Agbẹnusọ ni Láyọnu. Bí o bá jẹ̀bi tí o kò sì mọ̀ ọ́n sọ, Láyọnu yóò bá ọ sọ ọ́ títí ẹni tí o ṣẹ̀ yóò fi bẹ̀ ọ́. N kò sọ pé èèyàn burúkú ni o. Aláápọn ni, kì í sì í rẹ́ni jẹ. Ohun kan ṣoṣo tó ń bá a jà ni pé ó gbà pé kò sí ohun tí òun kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé àṣà ìlú náà, nítorí òun ló dá gbogbo rúgúdù yìí sílẹ̀. Ní Ìgbódùlà, ọba kì í dá ẹjọ́ ọgbẹ́. Bí àìbìkítà ẹnìkan bá ṣe ẹlòmíràn léṣe, ọ̀dọ̀ Alábẹ ni wọ́n ń gbé e lọ, lórí òkè, ní ìpẹ̀kun ìlú. Alábẹ ni olórí àwọn tí ń kọlà. Abẹ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń ṣí ọgbẹ́, tí ó fi ń yọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lójú ẹni tó farapa àti lójú ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ohun tí abẹ bá yọ ni ẹlẹ́rìí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ kì í fi í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọgbẹ́ náà ṣáájú.

Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tó bá pẹ́ a máa purọ́. Nítorí náà ni àwọn baba ńlá wọn fi pa á láṣẹ pé ẹjọ́ ọgbẹ́ gbọdọ̀ dé etí Alábẹ kí ọjà kẹrin lẹ́yìn ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ tó tú. Bí ọjà bá tú, ẹjọ́ ti kú. Wọ́n ṣàánú ẹni tí kò lè gun òkè, wọ́n ní agbẹnusọ lè bá a gbé ẹjọ́ náà dé etí Alábẹ, kí wọ́n tó wá gbé ẹni tó farapa lọ. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ọjà ìlú náà ń ná, bí a bá ka tòní mọ́ ọn. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ọjà kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ yóò bọ́ sí ọjọ́ kẹtàdínlógún. Èmi náà ti fi ìka kà á nígbà mélòó kan, ó sì ń dàrú mọ́ mi lọ́wọ́ kó tó bọ́ sí i. Ẹ̀yin náà ẹ fi ìka kà á, kí ó lè yé wa nígbà tí a bá débẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Fátóún ń bọ̀ láti ọjà, ó gba ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gúsí Àjàgbé. Àwọn èèyàn ti sọ etí oko náà di ọ̀nà àbùjá, ó sì ti ń dun Àjàgbé tipẹ́. Dípò kí ó sọ fún wọn, ńṣe ni ó gé ẹ̀gún ọsàn wẹ́wẹ́, ó fi iná jó ṣónṣó wọn kí òjò má baà tètè ba wọ́n jẹ́, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà gan-an, ó sì fi ewé bò wọ́n. Fátóún gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ewé. Ẹ̀gún náà wọlé láti àtẹ́lẹsẹ̀, ó ṣẹ́ sínú. Nígbà tó fi máa délé, ẹsẹ̀ ti wú débi pé kò lè fi kanlẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń wá abẹ́rẹ́ kiri nílé, ó ti ń gbé epo kaná, nígbà tí Láyọnu wọlé. Ó ní kí wọ́n dúró. Ó ní bí wọ́n bá yọ ẹ̀gún náà sílé, wọ́n ti pa ẹlẹ́rìí fúnra wọn nìyẹn, Àjàgbé yóò sì sọ pé àkùrọ̀ ni ìyàwó ti rí ẹ̀gún gún. Ó ní bí wọ́n bá fi ẹjọ́ náà lé òun lọ́wọ́, Àjàgbé ni yóò máa tẹ eyìn dípò Fátóún títí ẹsẹ̀ yóò fi jinná, nítorí bí Alábẹ ṣe ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Arúgbó náà wo ẹsẹ̀, ó wo Láyọnu, ó gbé abẹ́rẹ́ jókòó. Ó ní òun kò mọ èwo ni kí òun ṣe mọ́. Fátóún ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún Ẹnudùnjuyọ̀, torí òun ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni Fátóún ti ń ti ìka bọ epo láràárọ̀, tí ó sì ń fi sàmì sára ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀. Ọjọ́ kan, àmì pupa kan. Kò sí ohun mìíràn tí ó lè ṣe. Ẹsẹ̀ ń ta á, ẹ̀gún ń gún un láti inú, eyìn sì ń jẹrà lẹ́yìnkùlé torí kò sí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Ọjà kìíní ná, Láyọnu kò lọ. Ó ní ẹjọ́ kì í ṣe ohun tí a ń sáré sí, pé àgbà ni Alábẹ, ohun tó bá gbọ́ kẹ́yìn ni yóò rántí jù. Ó ní ọjọ́ ìkẹyìn gan-an ni òun yóò gbé e dé iwájú rẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná dáadáa. Nígbà tí ọjà kejì yóò fi pé, ìyálọ́jà ìlú kú. Wọ́n ní kí ọjà má ná lọ́jọ́ náà, gbogbo ìlú ṣọ̀fọ̀. Láyọnu wà níbi ìsìnkú, ó ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọjà tó tẹ̀ lé e ná bí ó ti yẹ.

Nígbà tí àmì ara ògiri di mẹ́rìndínlógún, Fátóún ránṣẹ́ pe Láyọnu. Ó nawọ́ sí ògiri, ó ní, “Ọkọ mi, ọ̀la ni. Bí ọjà bá tú lọ́la, ẹjọ́ mi ti kú.”

Láyọnu rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì í, ó sì fi sùúrù bá a sọ ọ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní òǹkà. “Ìyàwó wa, ọjọ́ lo kà. Ìlú kì í ka ọjọ́, ọjà ni ìlú ń kà. Ọjà tí kò ná kì í ṣe ọjà. Ìkẹta ni tọ̀la, ọjà kan ṣì kù.”

Fátóún tún ògiri wò. Ó kà á láti òkè, ó kà á láti ìsàlẹ̀, iye kan náà ló ń bọ́ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá tún wo ojú Láyọnu, tó rí bí ó ṣe dá a lójú tó, òǹkà náà a tún dàrú mọ́ ọn lórí. Ó bi ìyá ọkọ rẹ̀. Arúgbó náà ní ní ti òun, mẹ́rin ni mẹ́rin, àmọ́ bóyá nǹkan ti yí padà láyé òde òní. Bí Fátóún ṣe gba òǹkà ẹlẹ́nu dídùn gbọ́ nìyẹn, tí ó kọ òǹkà ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó dùn mí títí di ìsinsìnyí nígbà tí mo bá ń sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún kọjá. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, Láyọnu wẹ̀, ó wọ agbádá, ó gun òkè lọ. Alábẹ ń pọ́n abẹ lórí òkúta nígbà tó dé. Bàbá náà gbọ́ ọ títí, ó sì bi í pé ọjọ́ wo ni ẹ̀gún náà wọlé. Láyọnu sọ ọ́. Alábẹ ní ẹjọ́ náà ti kú láti ọjọ́ márùn-ún. Láyọnu bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ̀, ó ní ọjà tí kò ná kì í ṣe ọjà. Alábẹ kò tilẹ̀ gbé ojú sókè lára òkúta. Ó bi í léèrè pé bí èèyàn kò bá sùn lóru, ṣé ilẹ̀ kì í mọ́ ni? Láyọnu ká etí agbádá rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tó délé, ọ̀nà mẹ́ta ló gbà sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ ní ara Alábẹ kò yá. Nígbà tó ṣe, ó ní Alábẹ ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ni. Nígbà tí Fátóún kò yé wò ó lójú, ó ní ọjọ́ ti kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀bi ìyálọ́jà tó kú ni. Fátóún kò sunkún. Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni pé kò yé e. Ẹ̀gún Àjàgbé ló gún un. Àjàgbé ti bọ́. Kò sí ẹni tó sọ pé irọ́ ló pa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò gbọ́ òótọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń wú síbẹ̀, ta ni yóò wá bi?

Nígbà tí ìròyìn tàn ká ìlú, ẹnu kò kò. Àwọn kan ní kí ó gba kámú. Àwọn mìíràn ní kí ó pe Láyọnu fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́, torí òun ló fi ọjọ́ ṣòfò. Àwọn tó kù ń bi ara wọn bóyá a tilẹ̀ lè pe agbẹnusọ lẹ́jọ́, àti pé ta ni yóò ṣe agbẹnusọ ẹni tó bá pe agbẹnusọ lẹ́jọ́. Agbẹnusọ kan láti agbo ilé kejì wá, ó ní òun ṣe tán, kí Fátóún ṣáà fara balẹ̀, ọjà mẹ́rin pọ̀. Ó sọ ọ́ bí Láyọnu ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Fátóún wò ó. Ó ní kí wọ́n bá òun mú ọ̀pá wá.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, ìlú rí i lójú ọ̀nà òkè. Ẹsẹ̀ òsì ni ó fi ń tẹ ilẹ̀, ọ̀pá ń gbà á ró, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń bọ̀ lẹ́yìn, lákáǹlákáǹ, lákáǹlákáǹ. Bí ó bá rìn díẹ̀, yóò jókòó sórí òkúta, yóò di ẹsẹ̀ mú, yóò tún dìde. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń fún epo fẹ́ gbé e pọ̀n, kò gbà. Ẹnìkan bi í pé agbẹnusọ rẹ̀ dà. Ó ní, “Ẹ̀gún ẹsẹ̀ mi kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀.” Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí ni ó fi rin ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń rìn kí ọbẹ̀ tó jinná. Èrò sì ti tẹ̀ lé e, torí kò sí ẹni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí.

Fátóún pe Láyọnu lẹ́jọ́ pé ó fi ọjọ́ òun ṣòfò, Alábẹ sì gbọ́ ọ dé òpin. Ojú rẹ̀ fi hàn pé òun náà kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ó ní ọgbẹ́ ni òun ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ṣé ọjọ́ tó kọjá lè jẹ́ ọgbẹ́? Ó ní kí wọ́n lọ pe Láyọnu, kí wọ́n sì pe Àjàgbé wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Láyọnu dé, ó sì rojọ́. Ẹ má tan ara yín, ó mọ̀ ọ́n rò. Ó gbà pé ọjọ́ kọjá lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n ó ní ta ló lè búra pé Fátóún ì bá jàre Àjàgbé, bí òun tilẹ̀ tètè dé? Bóyá ẹ̀gún náà kì í ṣe ti Àjàgbé rárá. Bóyá lóòótọ́ ni àkùrọ̀ ló ti rí i. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní, “Bàbá, ẹni tó da igbá òfìfo nù, kí ló dà nù?”

Èrò kùn. Àwọn tó ti ń bá Fátóún kẹ́dùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí fún Láyọnu, wọ́n ní òótọ́ wà níbẹ̀. Fátóún fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé òun náà kò mọ ibi tí ẹ̀gún ti wá mọ́. Ó ní kí Alábẹ ṣáà wo ẹsẹ̀ òun, òun kò ní ẹnu mìíràn.

Alábẹ ní kí ó gbé ẹsẹ̀ lé itan òun. Ó fi abẹ là á. Ohun tó kọ́kọ́ jáde kò ṣeé sọ níbi tí èèyàn ti ń jẹun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀gún jáde, ó gùn tó oríkèé ìka kan, ṣónṣó rẹ̀ sì dúdú bí èédú. Alábẹ gbé e sókè, ó béèrè bóyá ẹnìkan mọ̀ ọ́n.

Àjàgbé ti ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti dé. Ìdí rẹ̀ kò ju pé ẹjọ́ tirẹ̀ ti kú, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi òun ṣe mọ́. Ó ní kí ni wọ́n ń wò bí òmùgọ̀, ta ni kò mọ̀ pé òun nìkan ló ń jó ṣónṣó ẹ̀gún ní Ìgbódùlà? Ó ní, “Èmi ni mo rì í síbẹ̀. Ọjọ́ ti kọjá, mo lè sọ ọ́.” Láyọnu ń ṣẹ́jú sí i, ó ń ta á lẹ́sẹ̀ pé kó dákẹ́. Àjàgbé kò mọ ohun tó ń ṣẹ́jú sí. Ó tún fi kún un pé mẹ́fà ni òun rì, ó ku márùn-ún.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé èrò pé ẹnu Àjàgbé tó dá ara rẹ̀ láre ló da ẹ̀bi lé Láyọnu lórí.

Alábẹ yíjú sí Láyọnu. “Igbá náà kò ṣófo,” ni ó wí. “Àjàgbé ló fi ẹ̀gún sínú ẹsẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹtàdínlógún wá, ìwọ lo fi í pa mọ́ síbẹ̀.” Ó ní ohun tí Àjàgbé ì bá ṣe, Láyọnu ni yóò ṣe é. Òun ni yóò máa tẹ eyìn Fátóún títí ẹsẹ̀ yóò fi lè tẹ ilẹ̀. Àwọn kan pariwo pé Àjàgbé tó rì í ńkọ́, ṣé yóò lọ báyìí ni? Alábẹ ní ọjọ́ ló dá Àjàgbé sílẹ̀, kì í ṣe òun. Ó ṣáà ní kó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú ẹ̀gún márùn-ún tó kù, lójú èrò. Inú wọn kò dùn sí i, inú tèmi náà kò dùn. Ṣùgbọ́n bí òfin ṣe rí nìyẹn.

Láyọnu tẹ eyìn. Agbádá kò wọ kòtò, ọ̀rọ̀ dídùn kì í sì í fún epo. Àwọn obìnrin a máa kọjá, wọn a ní, “Ẹnudùnjuyọ̀, ó kù díẹ̀ lára èkùrọ́ o.” Òun náà a tún tẹ̀ ẹ́. Eyìn títẹ̀ náà pẹ́ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ, nítorí ẹsẹ̀ Fátóún kò tètè jinná. Alábẹ ti sọ fún òun nìkan tẹ́lẹ̀ pé ká ní ó dé lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, ẹsẹ̀ náà ì bá padà bí ó ti wà. Ní báyìí, iṣan kan ti jẹrà níbẹ̀. Ó jinná, ó tẹ ilẹ̀, ó sì padà sínú kòtò. Ṣùgbọ́n lákáǹlákáǹ ni Fátóún ń rìn títí ó fi darúgbó.

Lọ́dún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin aládùúgbò rẹ̀ kan fi ẹsẹ̀ gún ẹ̀gún, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó bá òun lọ sọ fún Alábẹ, bí ó bá ráyè. Fátóún tó ti di arúgbó ń kọjá. Ó dúró. Ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ni ó gbé lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó nawọ́ sí ọ̀nà òkè, ó sì ń tiro lọ sílé láìní ọ̀pá. Ọmọ náà wò ó lẹ́yìn, ó dìde. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó wà níbẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà ni a ń sọ títí dòní, pé ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáǹlákáǹ tọ alábẹ lọ.